Bàbá Oníṣíbí Méjì

Ẹ̀yìn sítóòfù náà ló kọ́kọ́ rí oòrùn. Àwọn káfíńtà gbé e gba ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn, “Rọra! Rọra, ẹ̀gbẹ́ tèmi ló wúwo!” Nígbà tí wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí etí títì, láàárín àwọn tábìlì tí àwọn oníbàárà ti máa ń jẹun, gbogbo ohun tó ti ń fara pamọ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bọ́ sí gbangba: òróró tó ti gbẹ di àtè, èèpo àlùbọ́sà tó ti dúdú bí èédú, àti ọmọrí ìkòkò kan tó ti tẹ̀. Alásè dúró tì í, aṣọ funfun ìdáná wà lọ́rùn rẹ̀, ojú ń tì í bí ẹni tí wọ́n tú àpótí rẹ̀ sójú ọjà.

“Bàbá, ẹ wo bí ilé yín ṣe rí lẹ́yìn!” ni Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Òun ni obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Bó ṣe máa ń fò káàkiri láàárín tábìlì ni wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, kò sì sí ẹni tó tún bèèrè orúkọ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àjà ilé ìdáná ló já lulẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n pákó àti eruku bo gbogbo ibẹ̀, àwọn káfíńtà sì ní iṣẹ́ náà yóò gbà wọ́n di ìrọ̀lẹ́. Alásè ti rò pé wọn yóò ti ilé oúnjẹ náà pa lónìí. Mádáàmù tó ni ín kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Ta ló ń ti ilé oúnjẹ pa?” ló wí. “Ṣé ẹ ò rí bí gbogbo òpópónà yìí ṣe ń ta oúnjẹ níta ni? Ẹ̀yin náà ẹ jáde, kí oòrùn rí yín.”

“Mádáàmù, mi ò sè níta rí.”

“Ṣé iná kì í jó níta ni?”

Alásè wo òpópónà náà yíká. Lótìítọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tí kò na apá síta. Oníbúrẹ́dì ti to apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì gbígbóná sórí tábìlì gígùn. Eléso ti to ọsàn lé ọsàn títí ó fi ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta kọfí nígun ọ̀nà ti gbé àga sún mọ́ títì débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń ká ẹsẹ̀ kò bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jà, ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Alásè máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kì í rí i.

Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé láàárọ̀, ẹ̀yìnkùlé náà ló ń gbà lọ sílé. Ihò kan wà lára ògiri ilé ìdáná, kò ju fèrèsé kékeré lọ. Ibẹ̀ ni Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ ti máa ń nawọ́ gba oúnjẹ, ibẹ̀ náà ló ti máa ń dá àwo padà. Bí ẹnì kan bá bi Alásè pé irú àwọn wo ló ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, àwo nìkan ló lè fi dáhùn: ẹnì kan wà tí kì í jẹ èèpo búrẹ́dì, ẹnì kan wà tó máa ń fi búrẹ́dì nu àwo títí yóò fi mọ́ bí èyí tí wọ́n ti fọ̀, láìpẹ́ yìí, ẹnì kan sì tún dé tó máa ń pín oúnjẹ sí méjì gẹ́gẹ́, tí á jẹ apá kan, tí á sì fi apá kejì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹni yìí máa ń bí i nínú díẹ̀. Bí oúnjẹ bá dùn mọ́ ọ lẹ́nu, kí ló dé tí o ò jẹ ẹ́ tán? Bí kò bá sì dùn, kí lo tún padà wá ṣe?

Bó bá délé, yàrá kan ṣoṣo ló ní, lókè téńté ilé ńlá kan, níbi tó ti máa ń gbọ́ rédíò ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba inú ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Wọn ò bímọ. Bí ará ẹ̀gbẹ́ bá ti pa rédíò, Alásè náà á pa iná, á sì dùbúlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti kí pé ó dàárọ̀.

Ó ṣáná. Afẹ́fẹ́ fẹ́ iná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi páálí dí i. Ó da òróró sínú ìkòkò, ó gé àlùbọ́sà sí i, ó ń rò ó títí etí àlùbọ́sà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kó tó wá da omi ẹja lé e lórí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: kí àlùbọ́sà jó díẹ̀, kó má ṣe jóná. Nígbà tí òórùn ọbẹ̀ náà gbalẹ̀, àwọn tó ń kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀.

“Àṣé ènìyàn ni yín!” ni oníbúrẹ́dì kígbe láti ìdí tábìlì rẹ̀.

“Kí lẹ rò pé mo jẹ́ tẹ́lẹ̀?”

“Mo rò pé ẹ̀rọ ni Mádáàmù rà. Oúnjẹ tí adùn rẹ̀ kì í yẹ̀ lójoojúmọ́ báyìí, mo ní ènìyàn kọ́.”

Alásè rẹ́rìn-ín. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀rín náà já jáde lójijì bí ikọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń sè, ó ń jí wọn wò. Ó rí obìnrin kan tó di ojú nígbà tó fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu. Ó rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fa búrẹ́dì tó kù mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé, irùngbọ̀n àwọn méjèèjì sì ti funfun. Ó rí ìyá kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ ọmọ rẹ̀, tí tirẹ̀ fi tutù. Ibi tí oúnjẹ òun ń lọ nìyí, ló ń sọ lọ́kàn. Inú rẹ̀ dùn sí i. Bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn náà ni nǹkan kan ń wúwo láyà rẹ̀, nítorí pé kò sí tábìlì kan tí ẹnì kan kì í ti í pe ẹnì kejì pé kó wá jókòó. Ó sún mọ́ wọn tó fi jẹ́ pé bó bá na ọwọ́ yóò kàn wọ́n léjìká. Àwọn náà ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, wọ́n ń sọ pé ata pọ̀, ata ò pọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí padà sí ẹni wọn. Nígbà tí ògiri wà, ó kéré tán, ògiri ni ènìyàn lè dá lẹ́bi.

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan fa bàbá arúgbó kan lọ́wọ́ wá. Ó mú un lọ sí tábìlì tó wà nígun, ó fi í jókòó kọjú sí títì, ó tún àga kejì tẹ̀ síwájú rẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé àlejò kan máa jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i létí, ó sì sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà lódìkejì. Ẹ̀yìn bàbá náà nìkan ni Alásè rí.

“Ọbẹ̀ ẹja kan àti búrẹ́dì,” ni Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ wí, “pẹ̀lú ṣíbí méjì.”

“Ẹni méjì ló fẹ́ jẹ ọbẹ̀ kan?”

“Bàbá nìkan ni. Bàbá Oníṣíbí Méjì là ń pè wọ́n. Ọmọ wọn ló ń mú wọn wá, ẹ rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún yẹn. Wọn ò tíì pẹ́ nílùú yìí. Ibí ni wọ́n máa ń jókòó sí títí ọmọ yẹn á fi ṣíwọ́.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Nǹkan ń fò wọ́n lórí díẹ̀, wọ́n máa ń gbàgbé, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ orí ni. Àwọn ni wọ́n ń pín oúnjẹ sí méjì yẹn.”

Alásè na ọrùn kó lè rí ẹni tí àwo rẹ̀ ti ń bí òun nínú. Bàbá náà yí orí díẹ̀ láti wo ọkọ̀ kan tó ń kọjá. Alásè rí etí rẹ̀ tó fẹ̀, ó rí àtàǹpàkò rẹ̀ lórí tábìlì, èyí tó tẹ̀ sẹ́yìn bíi ti ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ti abẹ́rẹ́ wọ aṣọ. Kóòtù ló wọ̀. Wọ́n ti bọ́tìnnì rẹ̀ sí ojú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, tí apá kan kóòtù náà fi gùn ju apá kejì lọ. Ohun tó jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣiyèméjì nìyẹn. Ọkùnrin tí òun mọ̀ kò ní jókòó sí gbangba pẹ̀lú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀.

“Bàbá! Ẹyin tí ẹ ń dín ń jóná!” ni Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ kígbe.

Ẹ̀gbọ́n Alásè ni bàbá náà.

Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó sì di ọ̀gá nídìí rẹ̀; bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bára mu bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á pè é padà, á tún un ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́, á sì tún bú u lé e. Àbúrò yà sí ilé ìdáná. Inú ọkọ̀ ojú omi ńlá ló ti ń sè nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ìyá wọn ti kú. Kò sùn, kò jẹun, ó ń bọ́ láti inú ọkọ̀ kan sínú òmíràn títí ó fi délé. Ìgbà tí yóò débẹ̀, wọ́n ti sin ìyá, yẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ ṣì tutù. Ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn pé kí ló dé tí wọn ò dúró de òun. Bóyá ọ̀fọ̀ ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, bóyá àárẹ̀ ni, Alásè kò mọ̀ títí dòní. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni:

“Ṣé kúùkù la ó máa dúró dè ni?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àpò ṣì wà léjìká Alásè. Kò tilẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yí padà níbi tó dúró sí, ó sì lọ.

Kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó ti rìn jìnnà ni èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé, kò sì yé dé mọ́. Ní gbogbo ilé ìdáná tó ti ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà, níbi tó ti ń ha ìpẹ́ ẹja, ló ti ń tún èsì náà ṣe. Ó gùn níbẹ̀rẹ̀, ó kún fún èébú. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń gé e kúrú, títí ó fi ku gbólóhùn kan péré: “Ọwọ́ tí Ìyá fi bọ́ ọ ló fún mi; ìwọ, kí ló fún ọ?” Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà mú. Ó mọ ohùn tí òun yóò fi sọ ọ́. Ẹni tí yóò sọ ọ́ fún nìkan ni kò tíì rí.

“Bá mi wo iná,” ló sọ fún Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ náà, ó mú búrẹ́dì àti ṣíbí méjèèjì, ó sì gbé wọn lọ fúnra rẹ̀.

Ó sọ abọ́ náà kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè, ó wò ó tààrà, kò sì sí nǹkan kan tó yí padà lójú rẹ̀.

“Ẹ ṣeun o,” ló wí. “Ẹ ṣeun gan-an.”

Ẹ. Láti ìgbà tí Alásè ti dáyé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ “ẹ” sí i rí. “Ìwọ” ló mọ̀ ọ́n sí. “Ìwọ yìí” nígbà ìbínú, “ìwọ náà sá” nígbà tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún àjèjì ló fún un yìí, ó sì wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Ó di ẹ̀yìn àga kejì mú, kó lè fà á jókòó.

“Ẹ má bínú,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, ó yára gbé ọwọ́ lé àga náà. “Ẹnì kan ló ni àga yẹn.”

“Ta ni?”

“Àbúrò mi. Ó ń bọ̀.” Ó fi orí sún mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí. “Kúùkù ni. Kúùkù gidi! Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń sè, níbi tí ìkòkò ti ń jó lórí iná, kò sì da ọbẹ̀ sílẹ̀ rí.”

Èsì Alásè ti dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Ó ya ẹnu.

“Ibo ló ti ń bọ̀?” ni ohun tó jáde.

“Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń yọ mí lẹ́nu, wọ́n ní oòrùn ti ń mú, wọ́n ní ó ti rẹ àwọn àlejò. Mo ní rárá.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì, ọbẹ̀ sì mì nínú abọ́. “Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ìyá tèmi nìkan ni? A máa dúró dè é.”

Lẹ́yìn èyí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti parí fún, ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó fi ṣíbí la ẹja láàárín, ó sì rọra ti apá tó tóbi jù sí ẹ̀gbẹ́ kejì abọ́. Ó fi ṣíbí kejì tì í.

Alásè padà sídìí iná rẹ̀. Ẹsẹ̀-ò-gbélẹ̀ bi í ní ohun kan, kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti ń pọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò gbé e sí. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà wà fún ti lọ. Bàbá jẹ́jẹ́ kan ló fi sípò ara rẹ̀, èyí tó ń gbèjà Alásè lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ dúró, tó sì ń gbèjà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí bàbá náà fúnra rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tó mú bàbá náà wá sọdá títì láti wá wò ó. Ó nu ẹnu bàbá rẹ̀, ó wá bá Alásè nídìí sítóòfù.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá mi ò yọ yín lẹ́nu?”

“Rárá o.” Iwájú orí ìyá tó bí òun gan-an ni Alásè rí lára ọmọ náà. “Wọ́n ní àwọn ń dúró de ẹnì kan.”

“Àbúrò wọn ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tó lọ. Ìjà ló ṣẹlẹ̀ láàárín wọn nígbà tí ìyá wọn kú. Nígbà tí ara Bàbá ṣì dá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nílé wa. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á dìde kúrò nídìí oúnjẹ.”

“Inú ló ń bí wọn.”

“Àwa náà rò pé inú ló ń bí wọn.” Ó wo ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí. “Ní báyìí, wọ́n máa ń gbàgbé orúkọ mi. Nígbà mìíràn wọ́n á pè mí ní nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ti àbúrò wọn yẹn, kò fìgbà kan kúrò lórí wọn.”

“Ṣé ẹ ti wá a?”

“Ibo la ó ti wá a? A ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.”

Àyè nìyẹn. Alásè mọ̀ pé àyè nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Ẹni tó ti kú ní àwíjàre: ikú ni kò jẹ́ kó wá. Òun wà láyé ní gbogbo ìgbà náà, ara rẹ̀ le, ó ń dín àlùbọ́sà nínú òróró.

“Ṣé kí n dín ẹyin díẹ̀ fún yín?” ló bèèrè.

“Ẹ ṣeun, mo ti jẹun, sà.” Ó ti ń lọ, ó tún yí padà. “Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, ẹ kàn sọ fún wọn pé àbúrò wọn ti wà lọ́nà. Ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí wọ́n jókòó.”

Gbogbo ọ̀sán ni Alásè fi sè láìtọ́ nǹkan kan wò. Ó ń wo ẹ̀yìn kóòtù náà. Ó ń ro bí yóò ṣe lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tí yóò ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé.” Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ó dé? Ọ̀dọ́kùnrin kan tí irun rẹ̀ dúdú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ọ̀nà fún, ẹni tó lè gbé àpò ìrẹsì láti ẹsẹ̀ omi dé inú ọkọ̀ láìsinmi. Bí Alásè bá jókòó sórí àga yẹn, tó sì pe ara rẹ̀ ní àbúrò, bóyá ṣe ni bàbá náà yóò lé e dìde bí olè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń jowú ara rẹ̀.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí àwọn káfíńtà jáde pẹ̀lú eruku lórí. “Ó ti parí, Bàbá,” ni ọ̀gá wọn wí. “Àjà yìí á sin ọmọ yín dé ọjọ́ ogbó.” Mádáàmù ní kí wọ́n dá sítóòfù padà. Alásè pa iná, ó gbé ìkòkò sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti apá bọ abẹ́ sítóòfù, wọ́n ka iye, wọ́n sì gbé e dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń jẹun sún àga wọn sẹ́yìn kí ọ̀nà lè là. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, bí ibi gbogbo ṣe máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ń gbé nǹkan tó wúwo kọjá.

“Ẹ gbé e kalẹ̀!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dìde. Ó na ọwọ́ sí sítóòfù náà. “Ẹ gbé e kalẹ̀! Mo ní kò tíì dé! Ta ló ní kí ẹ gbé e?”

Àwọn káfíńtà wo ara wọn. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. Wọ́n sọ sítóòfù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀gá wọn sì ṣí fìlà lórí láìmọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Alásè nìkan ló mọ ohun tí bàbá náà rí. Sítóòfù náà ti di pósí ìyá wọn lójú rẹ̀.

“Màá lọ pàdé rẹ̀,” ni arúgbó náà wí. “Kò jìnnà mọ́. Ẹ dúró.” Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sójú títì.

Ọkọ̀ kan fọn fèrè. Táyà ké. Alásè kò mọ bí òun ṣe fò kọjá láàárín tábìlì. Ohun tó mọ̀ ni pé ó di apá kóòtù náà mú, ó fà á mọ́ àyà, ọkọ̀ náà sì dúró síbi tí ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ń fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ bàbá náà ti sáré jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù olóògùn, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Alásè na ọwọ́ sókè sí i pé kò sí nǹkan.

“Ó ti wà lọ́nà,” ló sọ sétí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ rí i?”

“Mo rí i.”

“Báwo ló ṣe rí?”

“Ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọ̀nà jìn.”

Wọ́n ń rìn padà, apá nínú apá. Ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúyẹ́ bí aṣọ tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gun etí títì, ó dúró.

“Ṣé inú ń bí i?”

Alásè di apá rẹ̀ mú dáadáa. “Inú ti bí i tẹ́lẹ̀.”

“Kí ni mo ṣe fún un?”

Ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n nà án fún.

“Kò rántí mọ́,” ni Alásè wí.

Ó mú un jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tú bọ́tìnnì kóòtù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún wọn ti sí ojú ihò tó jẹ́ tiwọn. Àwọn káfíńtà ṣì dúró yí sítóòfù ká. “Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ná,” ló sọ fún wọn.

Lẹ́yìn náà, Alásè bu ọbẹ̀ sínú abọ́ fún ara rẹ̀. Ó gbé e lọ sí tábìlì nígun, ó fa àga kejì, ó sì jókòó.

“Ẹnì kan ló ni àga yẹn,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

“Mo mọ̀. Bó bá dé, màá dìde fún un.”

Arúgbó náà rò ó wò. Ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ àlejò yìí, ó wo bí òógùn ṣe ń ṣàn lójú rẹ̀. “Kò burú,” ló wí. “Ó ti rẹ ẹ̀yin náà.”

Wọ́n jẹun. Ọbẹ̀ náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, ó mi orí.

“Iyọ̀ rẹ̀ kò tó.”

Alásè náà tọ́ ọ wò. Òótọ́ ni. Ìdúró ló ti máa ń tọ́ ọbẹ̀ yìí wò, lórí ìgbakọ, nígbà tó ṣì ń hó. Kò fìgbà kan jókòó jẹ ẹ́ nínú afẹ́fẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń jẹ ẹ́. “Màá sọ fún kúùkù,” ló wí.

“Ẹ rọra sọ fún un o. Àwọn kúùkù máa ń tètè bínú.”

Ẹ̀rín mú Alásè, omi sì lé sí i lójú, kò sì nù ún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí i. Ó ti tún kọjú sí òpin òpópónà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí òjìji wọn gùn níwájú wọn. Alásè náà bá a wo ibẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun náà ń ṣa ojú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, pé òun náà ń wá ẹnì kan tó gbé àpò kọ́ èjìká.

Oníbúrẹ́dì ń kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọlé. Eléso ń fi aṣọ bo ọsàn. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó sí etí títì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń dúró dè ti dé.